Àkùràkudà létí òkun: báwo ni ewu rẹ̀ ṣe tó gan-an, kí sì ni ká ṣe?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òkun dáadáa. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan létí òkun, ẹ̀rù àkùràkudà, ẹja tí àwọn mìíràn ń pè ní ṣáàkì, sì ti ń ba àwọn òbí. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo gbé wá. Báwo ni ewu rẹ̀ ṣe tó ní tòótọ́? Ibo àti àsìkò wo ló yẹ ká sá fún? Ǹjẹ́ àwọn nǹkan tí wọ́n ń tà pé ó ń lé e ń ṣiṣẹ́? Bó bá sì gé èèyàn jẹ, kí ni ká kọ́kọ́ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ kó yé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa òkun.

Onímọ̀_Ẹja:
Ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí iye. Florida Museum ní Amẹ́ríkà ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo ayé tí wọ́n ń pè ní International Shark Attack File. Wọ́n máa ń ya ọ̀rọ̀ sí ọ̀nà méjì: ìgéjẹ tí ẹja wá bá èèyàn jẹ́jẹ́ rẹ̀, àti èyí tí èèyàn ló tọ́ ẹja, bíi kó dì í mú, kó máa fún un lóúnjẹ, tàbí kó máa yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́dún 2023, irú ti àkọ́kọ́ jẹ́ 69 ní gbogbo ayé, èèyàn 10 sì kú nínú wọn. Lọ́dún 2024, ó jẹ́ 47, èèyàn 4 ló kú. Nínú 47 yẹn, Amẹ́ríkà nìkan kó 28, ìpínlẹ̀ Florida sì kó 14 nínú 28 náà.

Irú àkùràkudà tó wà láyé lé ní 500. Mẹ́ta péré ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìgéjẹ tó burú: àkùràkudà funfun, èyí tó ní ilà lára bíi ti ẹkùn, àti onímú kúkúrú, tí ara rẹ̀ ki, tí wọ́n fi akọ màlúù pè. Ìkẹta yìí ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù, torí pé omi tí kò níyọ̀ kì í pa á lára. Ó máa ń wọ odò lọ jìnnà, ó sì fẹ́ràn omi tí ojú rẹ̀ kò mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ka iye gbogbo ayé, kẹ́ ẹ wá gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ewu yìí kò tàn ká lọ́gbọọgba. Ní Recife, ní Brazil, ìgéjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láti 1992, lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ èbúté Suape sí gúúsù ìlú náà, tí ẹnu odò tí ẹja ti ń bímọ sì bàjẹ́. Ní Réunion, erékùṣù kan nínú Òkun Íńdíà, ìjọba fòfin de ìlúwẹ̀ẹ́ àti fífi pátákó gun ìgbì lọ́dún 2013, àfi nínú ọ̀sà tí òkúta iyùn dáàbò bò àti níbi tí ẹ̀ṣọ́ wà. Etí òkun míì sì wà tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rárá. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó béèrè pé “ewu rẹ̀ tó mélòó láyé?”, ẹ bi àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ pé, “Ní etí òkun yìí gan-an, kí ló ti ṣẹlẹ̀ rí, oṣù wo ni, kí lẹni náà sì ń ṣe nínú omi?”

Adóòlà_Omi:
Ohun tí Onímọ̀_Ẹja sọ dára. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó ń pa èèyàn jù kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sómi lọ́dún 2021, tí a bá ka òkun, odò, adágún àti kànga pọ̀. Létí òkun, ọ̀tá yín àkọ́kọ́ ni omi tó ń fà jáde: ìgbì á da omi sí etí ilẹ̀, omi náà á wá ọ̀nà tóóró kan padà sínú òkun, á sì gbé ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà náà lọ. Ó lè sáré tó mítà méjì àtààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí òmùwẹ̀ tó lè bá a figa gbága.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀ nìyí. Ẹ dúró sórí ibi tó ga díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́nikẹ́ni tó wọmi. Ẹ wá ibi tí ìgbì kò ti ń fọ́ nígbà tó ń fọ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Omi ibẹ̀ sábà máa ń dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìfófòó àti koríko á sì máa rìn lọ sókè òkun dípò kí wọ́n máa bọ̀ wá sétí ilẹ̀. Ibi tó parọ́rọ́ yẹn gan-an ni àwọn tí kò mọ̀ máa ń yàn fún ọmọ. Ibẹ̀ ló burú jù. Tó bá gbé èèyàn, kó má bá a jà. Kó léfòó, kó na ọwọ́ sókè, kó pariwo, tàbí kó lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ní ìbú etí òkun títí yóò fi bọ́ lójú ọ̀nà rẹ̀, kó tó kọjú sí ilẹ̀.

Ìdí tí mo fi sọ èyí nínú ọ̀rọ̀ àkùràkudà ni pé etí òkun tó ní ẹ̀ṣọ́ ló ń yanjú ìṣòro méjèèjì. Ẹ̀ṣọ́ kan náà tó ń wo omi ló ń wo ẹja, òun náà ló sì ní àpótí ìtọ́jú. Bí ẹ bá ní ànfààní láti yan nǹkan kan péré, ẹ yan ibi tí ẹ̀ṣọ́ wà, kẹ́ ẹ sì wọmi ní wákàtí tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Apẹja_Àgbà:
Ní ti ibi àti àsìkò, ohun tí ẹja kéékèèké ń ṣe ni kẹ́ ẹ máa wò, torí ibi tí oúnjẹ bá wà ni àkùràkudà ń lọ.

Tẹ́ ẹ bá rí ẹyẹ tó ń já ṣòòròṣò lu omi lójú kan, tàbí omi tó ń hó bí ìkòkò torí ẹja wẹ́wẹ́ ń fò sókè, nǹkan ń lé ẹja yẹn láti ìsàlẹ̀. Ẹ jáde. Ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja kọ́ nìlúwẹ̀ẹ́, torí ìjẹ, ẹ̀jẹ̀ ẹja àti ẹja tó ń jà lẹ́nu ìwọ̀ ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹja tí wọ́n sì ń da ìfun rẹ̀ sómi.

Ẹnu odò ni èkejì, pàápàá lẹ́yìn òjò ńlá. Òjò á gbé òkú ẹran àti ìdọ̀tí wọnú òkun, omi á rú, ẹja tó wà nínú odò náà á sì tẹ̀ lé e jáde. Ẹ dúró di ìgbà tí omi bá mọ́ padà. Kò sí iye ọjọ́ pàtó tó bá gbogbo odò mu. Ẹ máa wò ó báyìí: bí ẹni tó dúró nínú omi dé ìbàdí kò bá lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, omi náà kò tíì tó wọ̀.

Ìkẹta ni kòtò tó wà láàárín òkìtì iyanrìn méjì. Èèyàn á rìn nínú omi títí á fi jìn, á tún rìn dórí òkìtì kejì níbi tí omi kò ju orúnkún lọ, inú rẹ̀ á dùn. Àárín méjèèjì tó jìn yẹn lọ̀nà ẹja. Nígbà tí omi bá ń fà, ibẹ̀ ni ẹja ń há sí.

Àsìkò: láti ìdájí títí oòrùn á fi yọ dáadáa, àti láti ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ lọ, ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹun, ojú èèyàn kì í sì í ríran dáadáa nígbà yẹn. Òru kò gbọdọ̀ sí nínú ètò yín rárá.

Ìyá_Olómi:
Ẹ ṣé é, bàbá wa. Wọ́n máa ń sọ pé níbi tí dọ́fíìnì bá wà, àkùràkudà kò ní débẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Apẹja_Àgbà:
Rárá o, ìyá wa. Ẹja kan náà làwọn méjèèjì ń jẹ, ẹ sì lè rí wọn lójú kan náà. Bí dọ́fíìnì bá pọ̀ níbì kan, oúnjẹ ló pọ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó wúlò láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, kí ìdágìrì má baà lé gbogbo èèyàn jáde lásán. Dọ́fíìnì máa ń yọ sókè láti mí, lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ á yọ, á tẹ̀ wálẹ̀ bí àgbá tó ń yí, á wọlẹ̀, á tún yọ níwájú. Ìrù rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, òkè sísàlẹ̀ ló ń jù ú. Àkùràkudà kì í yọ kó tún rì bẹ́ẹ̀: lẹbẹ rẹ̀ á máa la omi lọ gbọnrangandan láìga láìrẹlẹ̀, nígbà míì ẹ ó rí ṣóńṣó ìrù rẹ̀ lẹ́yìn lẹbẹ náà, tó ń lọ sọ́tùn-ún lọ sósì.

Onímọ̀_Ẹja:
Mo fara mọ́ ọn. Ẹ má sì gbàgbé pé púpọ̀ nínú ìgéjẹ Florida kì í ṣe ti ẹja ńlá. Àwọn àkùràkudà kékeré tí ṣóńṣó lẹbẹ wọn dúdú ń lé ẹja nínú omi tó rú létí ilẹ̀, wọ́n rí àtẹ́lẹsẹ̀ tó funfun tàbí ọwọ́ tó ń mì nínú omi, wọ́n gé e, wọ́n sì fi sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kẹ́ ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọrùn àti òrùka tó ń dán sílẹ̀: nínú omi rírú, ó ń kọ mànà bí ìpẹ́ ẹja.

Ọ̀dọ́_Etíkun:
Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè àwọn ọmọbìnrin ni mo fẹ́ béèrè. Ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù ńkọ́? Wọ́n ní àkùràkudà ń gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ láti ibi tó jìnnà gan-an.

Onímọ̀_Ẹja:
Kò sí ẹ̀rí pé nǹkan oṣù ń mú kí wọ́n gé obìnrin jẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́. Lóòótọ́ ni imú àkùràkudà mú, àmọ́ òórùn kì í fò nínú omi, ìṣàn omi ló ń gbé e. Ẹja tó wà lápá ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó máa ń fà á wá gan-an ni ìró ẹja tó ń jà pọ̀pọ̀ lójú omi. Tó bá wá sún mọ́ tòsí, àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà ní imú rẹ̀ ń gbọ́ iná mọ̀nàmọ́ná kékeré tó ń jáde lára ohun abẹ̀mí. Ẹni tó ní egbò tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀ kó má wọ̀ ọ́. Àkùràkudà nìkan kọ́: kòkòrò inú omi òkun máa ń gba ojú egbò wọlé.

Bọ̀dá_Pátákó:
Ní ti àwọn ohun èlò, ẹ má ṣe náwó yín sí ẹ̀gbà ọwọ́ onímágínẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí láti Flinders University ní Ọsirélíà dán ohun èlò márùn-ún wò lójú àkùràkudà funfun. Wọ́n gbé ìjẹ sórí pátákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì, wọ́n ń ka iye ìgbà tí ẹja mú un. Láìsí ohun èlò kankan, ó mú un nígbà 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹyọ kan péré nínú márààrún, èyí tó ń tú iná mọ̀nàmọ́ná sínú omi látara wáyà méjì lábẹ́ pátákó, ló mú kí ó já wálẹ̀ sí 40. Mágínẹ́ẹ̀tì àti ìda olóòórùn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan.

Ẹ wo 40 yẹn dáadáa. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù náà kò dí gbogbo rẹ̀. Ó yẹ ẹni tó ń gun ìgbì lójoojúmọ́ níbi tí àkùràkudà funfun pọ̀ sí. Fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣeré nínú omi tó mọ ní ìbàdí, ẹ fi owó náà ra àpótí ìtọ́jú.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́:
Mo dúpẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Wọ́n sọ fún wa pé wọ́n na àwọ̀n sínú òkun ní ibi kan tí à ń rò. Ṣé ọkàn wa lè balẹ̀ níbẹ̀?

Adóòlà_Omi:
Ẹ béèrè irú àwọ̀n tó jẹ́, torí oríṣi méjì ló wà, wọn ò sì jọ ara wọn.

Àkọ́kọ́ dà bí ọgbà: ihò rẹ̀ kéré, ó kanlẹ̀, ó yọ lójú omi, ó sì yí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ká láti etí ilẹ̀ dé etí ilẹ̀. Ìyẹn ń dí ẹja ní tòótọ́, ṣùgbọ́n omi tí ìgbì rẹ̀ kò le nìkan ló lè dúró nínú rẹ̀. Fish Hoek ní South Africa ní ọ̀kan, tí wọ́n máa ń nà láàárọ̀ tí wọ́n sì ń kó kúrò.

Èkejì jẹ́ àwọ̀n ìpẹja. Durban, ní South Africa kan náà, ti ń lò ó láti 1952. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bí mítà 214, ó sì ga ní mítà 6 péré, nínú omi tó jìn tó mítà 10 sí 14. Ẹ ṣe ìṣirò yẹn: ẹja lè gba abẹ́ rẹ̀, òkè rẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kódà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń kó, nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ láti apá ilẹ̀ ló ń mú wọn. Kì í ṣe ògiri. Pípa ẹja kù ní àgbègbè náà ló fi ń dín ewu kù, ó sì ń pa ìjàpá òkun àti dọ́fíìnì mọ́ ọn. Ó dùn mí pé wọ́n ń pè é ní ààbò lásán láìṣàlàyé, torí àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wọmi ní ìdájí.

Èyí tó wù mí jù ni ojú èèyàn. Ní Cape Town, láti 2004, àwọn olùṣọ́ máa ń jókòó sórí òkè pẹ̀lú awò, wọ́n á sì fi àsíá bá àwọn tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Aláwọ̀ ewé: a ń ríran dáadáa, a ò rí nǹkan kan. Dúdú: a ò ríran dáadáa, a ò sì lè sọ. Pupa: ẹ ṣọ́ra, ewu ti pọ̀ sí i. Funfun tí àwòrán àkùràkudà dúdú wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú fèrè: ó wà níbẹ̀ báyìí, ẹ jáde. Àsíá dúdú yẹn làwọn èèyàn kì í kà sí. Kò sọ pé kò séwu o, ohun tó ń sọ ni pé olùṣọ́ kò ríran. Ibòmíràn ní àsíá tiwọn, nítorí náà ẹ ka pátákó ìkìlọ̀ ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó bọ́ aṣọ.

Onímọ̀_Ẹja:
Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un tó lè pẹ̀tù sí àwọn òbí lọ́kàn. Ní gúúsù California, àwọn olùwádìí fi dírónù wo etí òkun 26 fún ọdún méjì. Ní àgbègbè méjì tí àwọn ọmọ àkùràkudà funfun ti ń kóra jọ, nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí wọ́n wò, ọjọ́ 97 ni èèyàn àti ẹja wà nítòsí ara wọn. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ kò tilẹ̀ mọ̀, ẹja náà sì ń bá tirẹ̀ lọ. Rírí tí ẹ bá rí ọ̀kan kò túmọ̀ sí pé ó ń bọ̀ wá jẹ yín.

Tẹ́ ẹ bá rí i nínú omi: ẹ má yí ẹ̀yìn sí i, ẹ má lu omi. Ẹ nàró, ẹ kọjú sí i, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀ ń wò ó, torí ẹ̀yìn ló fẹ́ràn láti gbà wá. Ẹ máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ sí ilẹ̀. Bẹ́ ẹ bá pọ̀, ẹ súnra kì, ẹ fẹ̀yìn ti ara yín. Ẹ gbé ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́, pátákó, bàtà ìlúwẹ̀ẹ́, sáàárín ẹ̀yin àti ẹja náà. Tó bá ti gé èèyàn mú, ojú rẹ̀ àti àwọn ojú ihò tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ni kẹ́ ẹ fi ìkúùkù lù tàbí kẹ́ ẹ họ, léraléra. Imú rẹ̀ náà ń dùn ún, àmọ́ nínú omi, ọwọ́ tó bá tàsé imú, ẹnu ló máa bọ́ sí.

Nọ́ọ̀sì_Pàjáwìrì:
Ẹ̀yin ará, ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ló ń pa ẹni tí ẹja gé, kì í sì í pẹ́. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ itan bá já, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù. Áńbúláǹsì kò lè bá a. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa gbà á là.

Ẹ gbé e kúrò nínú ìgbì, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹnì kan máa pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ má bọ́ aṣọ rọ́bà tó wọ̀, torí ó ń bá yín fún ojú egbò náà.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀, tí ọwọ́ yín ṣófo: ẹ di ìkúùkù, ẹ fi sí ojú ìpàdé itan àti ìsàlẹ̀ ikùn ní ẹsẹ̀ tó fara pa yẹn, ní àárín eegun ìbàdí àti ojú ara. Ẹ na apá yín gbọnrangandan, kẹ́ ẹ sì fi gbogbo ìwúwo ara yín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lọ́dún 2021, àwọn olùwádìí ní Australian National University wọn ìṣàn ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tí ara wọn le: ìkúùkù báyìí dín in kù ní ìdá 89.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Okùn tí àwọn tó ń gun ìgbì fi ń so pátákó mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n fi di itan, dín in kù ní ìdá 43.8 péré. Ìdí ni pé okùn náà máa ń fà bíi rọ́bà. Nítorí náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ ná, kí ẹlòmíràn máa wá ọ̀já.

Ọ̀já tí wọ́n ṣe fún dídí ẹ̀jẹ̀, tó ní ọ̀pá tí wọ́n ń yí, ló dára jù. Ẹ so ó ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 sókè egbò, lápá ọkàn. Kó má bọ́ sórí orúnkún tàbí ìgúnpá, torí egungun ibẹ̀ kò ní jẹ́ kó fún òpó ẹ̀jẹ̀. Ẹ fà á le, ẹ yí ọ̀pá náà títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, ẹ ha á mọ́ ibi ìhámọ́ rẹ̀. Á dun ẹni náà gan-an, ó lè máa bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ tú u. Ẹ má tú u. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń dà, ẹ so èkejì sókè àkọ́kọ́.

Egbò tí kò sí lápá tàbí lẹ́sẹ̀, bí èjìká tàbí ìdí, ọ̀já kò lè dé ibẹ̀. Ẹ ki aṣọ mímọ́ sínú rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Àyà àti ikùn nìkan ni ẹ kò gbọdọ̀ ki nǹkan sí nínú, ẹ kàn bò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ gbígbẹ bo ẹni náà, torí bí òtútù bá mú un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì. Kó má jẹ, kó má mu.

Èyí tó kéré náà gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn. Eyín ẹja lè kán sínú ẹran ara, iṣan ìka lè ti já láìhàn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fọ egbò náà, kí wọ́n wo bóyá ó nílò oògùn kòkòrò àti abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ọ̀dọ́_Etíkun:
Àǹtí nọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́ pé wọ́n máa ń dẹ ọ̀já náà díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹsẹ̀ má baà kú.

Nọ́ọ̀sì_Pàjáwìrì:
Ìmọ̀ àtijọ́ nìyẹn, ó sì ti pa èèyàn. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ti dì á ṣí, òmíràn á sì dà. Dókítà ló ń tú u. Ohun tí wọ́n nílò lọ́dọ̀ yín ni àsìkò tẹ́ ẹ so ó: ẹ kọ wákàtí àti ìṣẹ́jú sórí ọ̀já náà tàbí síwájú orí ẹni náà.

Àpótí yín, Akọ̀wé_Ẹgbẹ́: ọ̀já oníọ̀pá méjì, aṣọ egbò kíká mẹ́fà, báńdéèjì gbòòrò mẹ́rin, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, síṣọ́ọ̀sì tó lè gé aṣọ rọ́bà, bùláńkẹ́ẹ̀tì onífóòlì méjì, fèrè, àti bírò tí omi kì í pa rẹ́. Ẹ gbé e sórí iyanrìn níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, kó má wà nínú búùtù ọkọ̀. Kí àgbà méjì ti so ọ̀já náà mọ́ itan ara wọn wò kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Adóòlà_Omi:
Kẹ́ ẹ sì pín àwọn ọ̀dọ́ ní méjì-méjì, kí ẹnikẹ́ni má dá wọmi. Àgbà kan kó dúró lórí ilẹ̀, kó má wẹ̀, kó má tẹ fóònù. Ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó fọn fèrè, kí oníkálukú di ọwọ́ ẹnì kejì rẹ̀ mú sókè, kó kà wọ́n. Fèrè ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra: gbogbo èèyàn ń jáde, wọ́n ń rìn, wọn kò sáré, wọn kò lu omi.